Irin Inú Ẹ̀dọ̀fóró Lukman

Nígbà tí Lukman ń gé irin náà, Ràfátù ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni, kò lọ sí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti ń ṣe tíṣà, ó sì gbé ìrẹsì àti ẹ̀wà lọ fún ọkọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà tó wà nítòsí ojú irin rélùwéè ní Ọ̀fà. Lukman kò tíì ṣe tán láti jẹun. Ó ti fi fáìsì di irin roboto kan mú, irin dídán tó gùn ju àtàǹpàkò lọ díẹ̀, tó sì wúwo ju bó ṣe tóbi lọ.

"Níbo lo ti rí èyí?" ni Ràfátù bi í.

"Lọ́wọ́ àwọn oníkọ́ńdẹ̀mù. Wọ́n ní inú ẹ̀rọ kan ló wà, èyí tí kọ́ńpìnnì tó ń ṣe títì fi sílẹ̀ sínú igbó nígbà tí iṣẹ́ dá dúró. Wo bó ṣe ń dán! Irú irin yìí kì í dípẹtà láéláé."

Ó tan ẹ̀rọ ìgérin rẹ̀. Iná ń ta yẹ́ríyẹ́rí títí irin náà fi já sí méjì. Kì í ṣe irin gbọnrangandan bó ti rò. Ihò wà nínú rẹ̀, ẹ̀tù kan tó kúnná bí àtíkè sì wà nínú ihò náà. Lukman ṣí ìbòjú rẹ̀ sókè, ó gbé ìlàjì irin náà súnmọ́ ẹnu, ó sì fẹ́ ẹ fùú. Ẹ̀tù náà fò padà sí i lójú. Ó wúkọ́, ó sín, ó rẹ́rìn-ín. Ràfátù sáré fi ọwọ́ bo oúnjẹ.

"Wàá máa fi ẹnu fẹ́ gbogbo nǹkan bí ọmọdé," ló sọ.

Wọ́n jọ jẹun. Lẹ́yìn náà Lukman jó irin méjèèjì mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba. Ọ̀gá Olúṣẹ̀yẹ ló ni iṣẹ́ náà, ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní físíìsì ní Pólì. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ Lukman nítorí pé kì í ṣe àbọ̀ iṣẹ́. Wọ́n gbé tábìlì náà lọ sí lábù, kò sì sẹ́ni tó tún rántí irin yẹn mọ́.

Ìgbà òjò fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí ikọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ikọ́ gbígbẹ ni, kì í hu kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Lukman kọ́kọ́ ra oògùn ní kẹ́mísì. Nígbà tó yá, bó bá gbé géètì kan láti inú ṣọ́ọ̀bù dé ẹ̀bá títì, ó ní láti jókòó kó mí dáadáa kó tó lè sọ̀rọ̀. Ó gbẹ. Èrìgì rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ bó bá ń run pákò. Ní ọsibítù, wọ́n wo itọ́ rẹ̀, wọn ò rí ikọ́ ife níbẹ̀, síbẹ̀ wọ́n fún un ní oògùn ikọ́ ife nítorí fọ́tò àyà rẹ̀ kò dára. Ó lo oògùn náà, kò yàtọ̀.

Àdìkẹ́, ìyá Lukman, tó ń gbé yàrá kan nínú ilé náà, ní òun mọ ohun tó ń ṣe ọmọ òun. Èéfín wẹ́dà ni. Ó ní kí ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kí ó lọ máa ṣe àgbẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ẹbí òun ní Òjòkú.

"Màmá, bí mo bá fi í sílẹ̀, ta ni yóò bọ́ wa?" ni Lukman dáhùn. "Ẹ jẹ́ kí ara mi kọ́kọ́ yá."

Ọ̀gá Olúṣẹ̀yẹ ló mú ìdáhùn wá. Ẹ̀rọ kékeré kan wà ní lábù rẹ̀, èyí tí ń dún tá, tá, bí ìtànṣán olóró bá wà nítòsí. Ó ti ń dún láìdákẹ́ láti ìgbà díẹ̀, wọ́n sì ti gbà pé ó ti bàjẹ́. Ọjọ́ kan ni ọ̀gá náà gbé e kúrò lórí tábìlì, ó ṣàkíyèsí pé bó ṣe ń jìnnà ni dídún náà ń dínkù. Ó gbé e padà, ó rọra sọ ọ́ kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì, ẹ̀rọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí àgbàdo tí ń ta nínú epo gbígbóná. Ó ti ilẹ̀kùn lábù, ó gun ọ̀kadà, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù.

Ràfátù ti jáde níṣẹ́, ó wà níbẹ̀. Ọ̀gá náà kò kí wọn bó ṣe máa ń ṣe. Láti ẹnu ọ̀nà ni ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀ ti ń dún.

"Lukman, irin tí o fi sẹ́sẹ̀ tábìlì mi, níbo ló ti wá?"

Lukman ṣàlàyé. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni ojú ọ̀gá ń yí padà. Ó ní kí gbogbo wọn jáde, kí Lukman lọ wẹ̀, kí ó pààrọ̀ aṣọ látòkè délẹ̀. Lukman ṣe bẹ́ẹ̀ nílé, ó fi kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú bó ara dáadáa, ó wọ jálàbíà tuntun, ó jáde sí àgbàlá. Ọ̀gá Olúṣẹ̀yẹ gbé ẹ̀rọ sí ọwọ́ rẹ̀, kò dún. Ó gbé e sí irun rẹ̀, kò dún. Ó gbé e sí àyà rẹ̀.

Tá. Tá, tá. Tá.

"Bóyá jálàbíà náà ni," ni Ràfátù sọ.

Lukman bọ́ ọ. Ẹ̀rọ náà ń dún lọ. Ọ̀gá Olúṣẹ̀yẹ pa á, ó sì jókòó sórí pèpéle ilé láìgbọn eruku orí rẹ̀ nù.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dé láti Àbújá pẹ̀lú aṣọ funfun tó bo ojú wọn. Wọ́n gbé tábìlì náà lọ, wọ́n fi páànù dí ṣọ́ọ̀bù pa, wọ́n sì yẹ gbogbo ará ilé wò. Aishat, ọmọ wọn kan ṣoṣo, kò ní nǹkan kan lára. Ìyá àgbà náà kò ní. Wọ́n rí díẹ̀ lára ẹ̀tù irin náà nínú ìtọ̀ Ràfátù, nítorí òun ló ń gbọn aṣọ iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ kí ó tó fọ̀ ọ́. Ti Lukman kọjá ohun tí wọ́n lè sọ lójú rẹ̀. Wọ́n sọ orúkọ irin náà fún un: amẹríṣíọ̀mù, irin tí ìtànṣán olóró ń ti ara rẹ̀ jáde.

Láàárín ọjọ́ díẹ̀, gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Àwọn tí Lukman ṣe ilẹ̀kùn fún yọ ọ́ kúrò lára ilé wọn, wọ́n kó o dà sí ẹ̀bá ojú irin. Ní iléèwé, àwọn òbí wá bẹ hẹ́dímáásítà pé kí ó gbé ọmọ àwọn kúrò ní kíláàsì Ràfátù. Wọ́n mú Aishat lọ sí Òjòkú lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá àgbà. Nígbà tí ọmọ náà fẹ́ dì mọ́ bàbá rẹ̀ kó tó wọ mọ́tò, Lukman sún sẹ́yìn. Àwọn dókítà ti sọ fún un pé kò lè kó ràn án, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ sún fúnra rẹ̀. Ọmọ náà rí i.

Ní ọsibítù ńlá tó wà ní Ìlọrin, Dókítà Susannah ló gbà wọ́n. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í yára sọ̀rọ̀. Ó ní oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní DTPA, wọ́n sì ti ránṣẹ́ sí òkè òkun pé kí wọ́n fi í ránṣẹ́.

"Kí ni ó ń ṣe, Dókítà?" ni Lukman béèrè.

"Ẹ wo ọwọ́ mi." Ó ká ìka rẹ̀ mú bírò kan. "Bí oògùn náà ṣe ń di irin mú nínú ẹ̀jẹ̀ rèé. Ara kò ní lè gba irin náà mọ́ ọn lọ́wọ́ mọ́. Wọn á jọ gba inú kíndìnrín jáde, ẹ ó sì tọ̀ ọ́ dànù. A ó gún un sínú iṣan yín, ẹ ó sì tún máa fa òmíràn símú nínú ẹ̀rọ tó ń sọ oògùn di ìkúukùu."

"Gbogbo rẹ̀ ni yóò jáde?"

"Èyí tí oògùn bá bá pàdé ni yóò jáde," ni dókítà fèsì.

Lukman gbọ́ "yóò jáde." Ràfátù gbọ́ gbogbo gbólóhùn náà, àmọ́ kò béèrè ohun tó túmọ̀ sí.

Oògùn náà pẹ́ kó tó dé. Nígbà tó dé, wọ́n gún Lukman, wọ́n gún Ràfátù náà, wọ́n sì gba ìtọ̀ wọn sínú kẹ́ẹ̀gì ránṣẹ́ sí Àbújá. Èsì tó kọ́kọ́ padà wá mú kí àwọn nọ́ọ̀sì pàápàá patẹ́wọ́. Irin ń jáde lára Lukman lọ́pọ̀lọpọ̀, ju bí ara ṣe lè fúnra rẹ̀ gbé e jáde lọ. Lukman tẹ ìyá rẹ̀ láago, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ó ń jáde o! Mo ń tọ̀ ọ́ dànù!"

"Alihamudu lilahi! Ọmọ mi, tọ̀ ọ́ dànù, tọ̀ ọ́ dànù tán!"

Wọ́n dá wọn padà sílé ní Ọ̀fà, wọ́n sì ń lọ gba abẹ́rẹ́ ní Ìlọrin lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lukman ń fa oògùn náà símú bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Nígbà mìíràn, ó máa ń di ìbòjú ẹ̀rọ náà mọ́ imú rẹ̀ lẹ́yìn tí oògùn inú rẹ̀ ti tán, nọ́ọ̀sì á rọra gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Èsì ìtọ̀ rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò, ó ń kéré sí i, títí ó fi kù díẹ̀ kó má sí mọ́.

Lukman mú ìròyìn náà dé ilé bí ẹni tó ṣẹ́gun. Ìyá rẹ̀ ní àwọn gbọ́dọ̀ ṣe sàráà ìdúpẹ́, kí wọ́n pe Alfa, kí gbogbo àwọn tó sá fún wọn wá fi ojú ara wọn rí i pé ọmọ òun ti yè.

Ikọ́ náà kò lọ. Èyí ló mú kí Ràfátù dúró lẹ́yìn lọ́jọ́ tí wọ́n tún lọ sí Ìlọrin. Wọ́n ń ya fọ́tò àyà Lukman lọ́wọ́, ó kan ilẹ̀kùn Dókítà Susannah.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́. Bí irin bá ti jáde tán, kí ló dé tí kò lè gun àtẹ̀gùn mẹ́ta láìjókòó?"

Dókítà náà ní kí ó jókòó.

"Ìyá Aishat, kò jáde tán. Èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ló jáde. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú ẹ̀dọ̀fóró tí iṣẹ́ wọn jẹ́ gbígbálẹ̀, bí eruku bá wọlé, wọn á gbé e mì. Wọ́n ti gbé irin náà mì ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn tí a ń wò ó fún ikọ́ ife. Oògùn wa kò lè wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Ó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni. Òmíràn ti wọ inú eegun, ibẹ̀ náà kò ṣe é dé."

"Èsì tó ń lọ sílẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ń lọ sílẹ̀ nítorí pé oògùn kò rí nǹkan dì mú mọ́. Kì í ṣe pé nǹkan kò sí níbẹ̀."

Ràfátù wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí itan. "Ìyẹn ni pé èsì tí a fẹ́ torí rẹ̀ ṣe sàráà..."

"Mo fẹ́ sọ fún un lónìí," ni dókítà wí.

"Ẹ má sọ ọ́. Èmi ni n ó sọ ọ́ fún un."

Kó tó sọ ọ́, ó kọ́kọ́ lọ bá Ọ̀gá Olúṣẹ̀yẹ ní Pólì. Ọ̀gá náà ti ń wá ọ̀nà kiri láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Ó ti kà nípa àwọn onímọ̀ kan lókè òkun tí wọ́n ń fi ọ̀rá tín-ín-tín wé oògùn yẹn kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀fóró lè gbé e mì bó ṣe gbé irin mì, kí oògùn àti irin lè pàdé nínú sẹ́ẹ̀lì kan náà. Lójú Ràfátù ló ti pe ọ̀kan nínú wọn lórí kọ̀ǹpútà. Ọkùnrin onírun funfun ni, ó fara balẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn dé òpin. Ó ní eku ni àwọn ṣì ń lò ó fún. Ó ní kò tíì sí ẹ̀dá ènìyàn kan tó fa irú oògùn bẹ́ẹ̀ símú rí, kò sì sí ẹni tí yóò gbà kí ó kúrò ní lábù. Ó ní ó dun òun púpọ̀.

"Ẹ bi í," ni Ràfátù sọ, "ẹ bi í bóyá ara àwọn eku náà yá."

Ọ̀gá Olúṣẹ̀yẹ bi í. Ọkùnrin náà ní ó dín irin inú ẹ̀dọ̀fóró wọn kù, bí wọ́n bá tètè fún wọn. Ọ̀gá náà pa kọ̀ǹpútà, ó sì yíjú sí fèrèsé.

Ràfátù bá Lukman nílé lẹ́yìn ìrun àsárì, ọkọ rẹ̀ jókòó sórí ẹní lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń ṣírò iye màlúù àti ìrẹsì tí wọ́n máa fi ṣe sàráà. Ràfátù jókòó tì í. Ó sọ gbogbo rẹ̀ bí dókítà ṣe sọ ọ́, kò fi iyọ̀ sí i, kò yọ nǹkan kan kúrò.

Ohùn Lukman le.

"Ta ló ní kí o lọ béèrè?"

"Baba Aishat..."

"Mo bi ọ́! Èmi ni mò ń wúkọ́, mi ò béèrè. O rò pé mi ò mọ̀ pé ikọ́ yìí kò lọ? O ò lè fi mí sílẹ̀ kí n gbádùn ọ̀sẹ̀ kan péré?"

Ràfátù bú sẹ́kún. Lukman fẹ́ dìde, èémí rẹ̀ kò tó, ó tún jókòó. Wọ́n wà bẹ́ẹ̀ títí ìyá rẹ̀ fi jáde láti inú ilé, tó ń béèrè bóyá kí àwọn fi wàrà kún àkàrà tí wọn yóò pín.

"Ẹ fi kún un, Màmá," ni Lukman dá a lóhùn. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ẹ jẹ́ kí ó pọ̀."

Nígbà tí ìyá náà wọlé padà, Lukman sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Kí Màmá má gbọ́ o. Jẹ́ kí wọ́n ṣe sàráà wọn."

Wọ́n sì ṣe é. Àwọn ènìyàn wá, díẹ̀ nínú wọn. Alfa ṣàdúrà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó wo aláìsàn sàn. Lukman wọ agbádá tó ti tóbi jù fún un, ó ń ṣe àmín pẹ̀lú ohùn òkè. Ìyá rẹ̀ jó láti iwájú ilé dé ẹ̀yìn ilé. Ràfátù ń bu oúnjẹ fún àwọn àlejò, ojú rẹ̀ kò kúrò lára abọ́.

Lukman ń lọ gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ síbẹ̀, kí ìyá rẹ̀ má bàa fura. Nígbà ọyẹ́ ni àìsàn náà wá le jù. Eruku gba ìlú, ètè gbogbo ènìyàn là, Lukman kò sì lè sùn ní ìdùbúlẹ̀ mọ́. Wọ́n to ìrọ̀rí sí i lẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbẹ, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, ó tún gbẹ. Ó ní kí wọ́n má mú Aishat wá. Nígbà tó yá ó ní kí wọ́n mú un wá, àmọ́ nígbà tí ọmọ náà fi dé láti Òjòkú, bàbá rẹ̀ kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Aishat dúró ní ẹnu ọ̀nà yàrá, kò wọlé. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún un pé ó lè wọlé kí ó gbà á gbọ́. Lukman kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan.

Àwọn ọkùnrin tí ń wẹ òkú wá láti mọ́ṣáláṣí, wọ́n dúró sí ẹ̀yìn géètì. Ọ̀gá Olúṣẹ̀yẹ gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá, ó fi hàn wọ́n pé awọ ara òkú náà mọ́, ó ní bí wọ́n bá ti wọ ìbọ̀wọ́, kò séwu. Wọ́n gbọ́ bó ṣe dún lápá àyà. Àgbà inú wọn ní, "Ọ̀gá, a ní ọmọ nílé." Wọ́n yí padà.

Alfa ní ìyàwó lè wẹ ọkọ rẹ̀, ẹ̀sìn gbà á láyè. Ràfátù wọ ìbọ̀wọ́. Àdìkẹ́ ní òun náà yóò wọ̀ ọ́, Alfa kò sì bá a jiyàn. Àwọn méjèèjì pọn omi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún bí Alfa ṣe ń sọ fún wọn láti ẹ̀yìn aṣọ títa. Nígbà tí wọ́n dé àyà rẹ̀, eegun ìhà rẹ̀ ṣe é kà. Ìyá náà dá ọwọ́ dúró.

"Ràfátù, ọjọ́ tí a ṣe sàráà, ṣé ó ti mọ̀?"

Ràfátù kò lè purọ́ lórí òkú. "Ó ti mọ̀, Màmá."

"Ìwọ náà?"

"Èmi náà."

"Èmi nìkan ni mo ń jó." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó bu omi, ó dà á sí ọmọ rẹ̀ láyà, ó sì ń fi ọwọ́ rọ́ ọ lọ sísàlẹ̀, bí ẹni pé nǹkan kan ṣì kù níbẹ̀ tí omi lè fọ̀ jáde.

Wọ́n sin ín sí itẹ́ òkú, ní ibi tó jìnnà sí àwọn tó kù, nínú kòtò tó jìn ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní irin náà kò ní kú sínú ilẹ̀, yóò pẹ́ ju gbogbo àwọn tó dúró níbẹ̀ lọ, ju ọmọ ọmọ wọn lọ.

Lẹ́yìn tí Ràfátù ṣe opó tán, Àdìkẹ́ kó lọ sí Òjòkú lọ́dọ̀ Aishat. Kò bá Ràfátù jà, àmọ́ kò tún bá a sọ̀rọ̀ ju ìkíni lọ. Ràfátù bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ kúrò ní Ọ̀fà, wọ́n sì gbé e lọ sí iléèwé kan ní Ìlémọ̀nà, níbi tí kò sẹ́ni tó mọ ọkọ rẹ̀. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Ó ṣì ń lọ sí Ìlọrin lóòrèkóòrè fún àyẹ̀wò ìtọ̀. Wọ́n ti dá abẹ́rẹ́ rẹ̀ dúró. Dókítà Susannah ní èsì rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.

Ràfátù dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò bi í ní ìbéèrè kankan. Ó jáde, ó wọ mọ́tò Ìlémọ̀nà, ó sì fi ìborùn bo imú nítorí eruku.